Omi Ìrẹsì Tí Mo Dà Nù ní Warri

Ẹ̀yin ará Ṣakí, màmá mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀ ná. Lánàá, wọ́n ń bọ ìrẹsì. Ó hó, wọ́n gbé ìkòkò dìde pé kí wọ́n lọ da omi rẹ̀ nù lẹ́yìnkùlé, ni mo bá ké "Ẹ dúró!" bí ẹni tó rí ejò. Ìkòkò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá Délé, Warri ti dà yín lórí rú o." Irọ́ ni. Orí mi pé. Láti ọjọ́ tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé báwo lọ̀hún ṣe rí, ṣé òótọ́ ni pé ìjà ni wọ́n fi ń kíra wọn, ṣé ẹja tí wọn ò sè ni mo ń gbé fún èèyàn jẹ. Màá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣáà já lu ọ̀rọ̀ mi, torí ẹ mọ̀ mí, inú mi kì í pẹ́ ru.

Irọ́ tí mo gbé dání

Mo parọ́ kí n tó kúrò nílé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú yín. Madam kan ló fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ tuntun ní Effurun, tó lẹ̀ mọ́ Warri, oúnjẹ àwọn ará Japan. Kì í ṣe ti òtẹ́ẹ̀lì ńlá o, èyí tí wọ́n ń jẹ nínú ilé ara wọn ni, èyí tí ìyá ń sè fún ọmọ tó ti ibi iṣẹ́ dé. Àbúrò Madam ló ń gbé ní Japan, òun ló ń fi ìrẹsì àti èròjà ránṣẹ́. Madam fúnra rẹ̀ ò dé ibẹ̀ rí.

Ó bi mí lórí fóònù pé ṣé mo ti bá ará Japan ṣiṣẹ́ rí. Ẹnu mi yá ju mí lọ. Mo ní ọdún méjì, nínú ilé ìdílé kan l'Ékòó.

Ẹ̀yin náà mọ ibi tí mo wà ní ọdún méjì yẹn. Ẹ̀yìn agbada Ìyá Sùlíà ní gáréèjì ni mo wà, tí mò ń dín ẹja. Ará Japan kankan ò kọjá níbẹ̀. Inú fóònù ni mo ti kọ́ gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n sè ṣá! Mo mọ kọ́rì wọn. Mo mọ ọbẹ̀ mísò, ẹ̀wà tí wọ́n bò títí tó fi kan ni wọ́n fi ń sè é, àbúrò irú ni, bí ẹ bá gbóòórùn ẹ̀ ẹ ó mọ̀. Mo mọ òyákódón, adìyẹ àti ẹyin lórí ìrẹsì gbígbóná, ìtumọ̀ ẹ̀ ni òbí àti ọmọ, àwọn méjèèjì nínú abọ́ kan. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì nìkan ni mo máa ń fò. Dátà wọ́n. Àti pé ta ló fẹ́ kọ́ mi ní ìrẹsì? Èmi tí mo ti ń se ìrẹsì láti ọmọ ọdún méje?

Ọ̀nà

Ọ̀rẹ ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun, èmi ò lè jẹ nǹkan kan. Ohun tó ń lọ lọ́kàn mi ni pé bí Madam bá ní kí n dárúkọ ìdílé tí mo bá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Mi ò mọ orúkọ ará Japan kan ju ti mọ́tò lọ.

Títí dé Ọ̀rẹ, Yorùbá là ń sọ nínú ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ń dín kù. Nígbà tí a kọjá Benin, èmi nìkan ni mo kù, mo wá ń bá ara mi sọ ọ́ nínú. Ilẹ̀ gan-an yí padà. Kò sí àpáta kankan mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ibi tí kò sí òkè, ẹ ò lè mọ bó ṣe ń ṣeni. Ojú ò rí ibi kankan gbára lé. Ọ̀pẹ, rọ́bà, omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọ̀pẹ.

Ọkùnrin tó jókòó tì mí ń jẹ ìpékeré. Ó wò mí títí, ó ní, "You be Ngbati?"

Bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá lọ́hùn-ún nìyẹn, torí pé "nígbà tí" kì í wọ́n lẹ́nu wa. Mo yíjú sí i, mo ní, "Wetin you call me?" Ọwọ́ mi ti di ẹ̀ṣẹ́.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "See as e dey vex! My guy, you never reach Warri you don dey fight. Chop." Ó da ìdajì ìpékeré ẹ̀ sí mi lọ́wọ́.

Mo jẹ ẹ́. Òun ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tó wọnú mi lọ́jọ́ náà. Ẹ gbọ́, ìwà wọn nìyẹn o. Ẹni tó bú ẹ náà ló máa bọ́ ẹ, kò sì ní dúró mí láàárín èébú àti oúnjẹ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni.

Sítáàṣì

Madam ti wá yàrá fún mi ní Ekurede-Urhobo, àdúgbò kan ní Warri, nínú ilé obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mama Ejiro, tí òun náà máa bá wa ṣiṣẹ́ nínú kíṣìnnì. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo ṣe rí i, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú yẹ̀pẹ̀. Àwọn ọmọ ilé sá jáde, wọ́n rò pé mo ṣubú ni.

Mama Ejiro ní kí n dìde. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn Urhobo, orúnkún ni wọ́n fi ń kí àgbà. Èèyàn á kúnlẹ̀, á ní "Mìgwó." Àgbà á dáhùn pé "Vrẹndo," ìyẹn ni pé dìde. "If I never answer," ó na ìka sí ilẹ̀, "you still dey there." Bí àgbà ò bá tíì dáhùn, ilẹ̀ lo ṣì wà. Mo kúnlẹ̀. Mo ní Mìgwó. Ó dáhùn kíá, ó sì gbé oúnjẹ wá.

Ó gbé nǹkan yẹ́lò kan wá nínú àwo, ó ń dán, ó ń mì. Mo bi í pé kí ni. Ó ní sítáàṣì ni. Mo bi í bóyá èyí tí a ń fi sí aṣọ ni. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ kan yí lulẹ̀. Gbágùúdá ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á rò ó pẹ̀lú epo, wọ́n á fi ọbẹ̀ ẹyìn jẹ ẹ́, ọbẹ̀ dúdú tó rùn bí igbó lẹ́yìn òjò, ẹja àrọ̀ tútù nínú ẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ bí ẹni ń jẹ ọkà. Ó lẹ̀ mọ́ gbogbo ìka mi! Bí mo ṣe ń já a lọ́wọ́ kan ló ń lẹ̀ mọ́ èkejì.

"Rub soup for hand first," Mama Ejiro ní. Ó di ọwọ́ mi mú bí ọwọ́ ọmọdé, ó fi ọbẹ̀ pa á. "Na the gum sweet pass. Na im be the food."

Lílẹ̀ yẹn gan-an ni oúnjẹ, ohun tó ń sọ fún mi nìyẹn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ ọ́. Etí mi gbọ́, orí mi ò gbọ́.

Jakpa Road

Ilé oúnjẹ yẹn kéré, tábìlì mẹ́jọ, ọ̀dà ṣì ń rùn lára ògiri. Iwájú Jakpa Road ni, níbi tí kẹ̀kẹ́, mọ́tò àti ìró jẹnẹrétọ̀ ò fi ọjọ́ kan sinmi. Àwọn èèyàn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ní wọlé, wọ́n á na ọrùn bí ẹni tó ń wo ilé tí olè jà.

"Una get starch?"

"Na raw fish una dey sell?"

Ọkùnrin kan mú igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun, ó wò ó, ó ní, "Oga cook, this one na to chop abi na to knit cardigan?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo gba igi ẹ̀ padà, mo ju ṣíbí sí i. Madam ní kí n rọra.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ló ń di ìbínú yẹn. Mi ò lẹ́nì kan tí mo lè sọ ọ́ fún. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí obìnrin kan ń pe ọmọ ẹ̀ ní Ayọ̀mídé, inú mi dùn, mo sáré jáde, mo ní, "Ayọ̀mídé, báwo ni? Ṣé dáadáa ni?" Ọmọ yẹn gbójú sókè, ó ní, "I dey o." Ìyá ẹ̀ ní ó ń gbọ́ Yorùbá, kò kàn lè fi fèsì ni. Mo padà sínú kíṣìnnì. Mi ò mọ ìdí tí ìyẹn fi fẹ́ mú mi sunkún.

Nínú kíṣìnnì yẹn ni èmi àti Mama Ejiro ti dé orí ọ̀rọ̀ ìrẹsì. Bí màmá mi ṣe kọ́ mi ni mò ń sè é. Màá bọ̀ ọ́, á hó, màá da omi ẹ̀ nù, màá fi omi tútù ṣàn án, màá gbé e padà kaná, màá fi ṣíbí òróró kan sí i kó má baà lẹ̀. Ó ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rẹwà. Àwọn ará Warri ń fi ṣíbí jẹ ẹ́, wọn ò sọ nǹkan kan.

Mama Ejiro ló ń wo omi funfun tó ń ṣàn lọ sínú kọ́tà. Ọjọ́ kẹta, kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Délé, why you dey throway the gum? Na the body of the rice be that."

Ó ní ara ìrẹsì gan-an ni mò ń dà nù. Mo yíjú sí i níwájú Madam àti obìnrin tó ń gbé àwo. Mo ní, "Mama, face your onion. You don cook for Japan people before?"

Ẹ gbọ́ mi. Èmi! Èmi ni mo bi í bóyá ó ti sè fún ará Japan rí. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi tán ni mo rí i pé èmi ni mo bi ara mi.

Ó gé àlùbọ́sà ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kọjá láàárọ̀, màá ju "Mìgwó" sí i lórí ìdúró, bí ẹni ju owó wẹ́wẹ́. Kò dáhùn. Lójoojúmọ́, kò dáhùn. Inú ilé ẹ̀ ni mò ń sùn, ó ṣì ń gbé oúnjẹ alẹ́ sẹ́nu ọ̀nà mi, ó sì ń kọjá bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Mo ní kò kàn mí. Ó kàn mí.

Baba Mori

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni Madam pè mí. Ó ní Baba Mori ń bọ̀ ní Sátidé. Ará Japan ni, àgbà oníṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ó ti ṣiṣẹ́ ní pọ́ọ̀tù Warri fún ọdún pípẹ́ nígbà kan, wọ́n tún ní kó wá wo ẹ̀rọ kan. "If e say the food correct, you stay. If e no correct, Délé, I go find another person. I don put everything for this place."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní ó pariwo ni, màá pariwo padà, ara á tù mí.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ má bi mí. Mo gé ìka mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo se ọbẹ̀ mísò, mo dà á nù, mo tún un sè. Gbogbo oúnjẹ tí mo fi sẹ́nu dà bí pépà. Mò ń rò ó pé bó bá lé mi, kí ni màá wí ní Ṣakí? Ẹ̀yin tí ẹ sìn mí dé gáréèjì, tí ẹ ń gbàdúrà lé mi lórí?

Sátidé dé pẹ̀lú òjò. Ó wọlé lọ́sàn-án gangan, ọkùnrin kúkúrú, irun funfun báláú, bàtà ẹ̀ lómi. Mo dọ̀bálẹ̀. Kí ni kí n ṣe, àgbà ni! Ó tẹ̀ ba níwájú mi bí àṣà tiwọn. Mo rò pé ìdọ̀bálẹ̀ mi ò tíì tó ló jẹ́ kó tẹ̀, mo tún dọ̀bálẹ̀. Ó tún tẹ̀, ó lọlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mama Ejiro yọjú láti kíṣìnnì, ó ní, "Una wan sleep for there?"

Baba Mori rẹ́rìn-ín. "Mama, good afternoon o. I don hungry." Pidgin Warri ló ń sọ, ó já gaara, ó dára ju tèmi lọ. Ẹ̀rù tún bà mí sí i. Mo ti ń rò pé kò ní gbọ́ èdè, pé màá fara pamọ́ sábẹ́ ìyẹn.

Òyákódón ni mo gbé fún un. Adìyẹ rọ̀, ẹyin ń dán bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, àlùbọ́sà eléwé lórí ẹ̀. Ó gbóòórùn ẹ̀, ó mi orí. Ó fi igi mú adìyẹ, ó jẹ ẹ́, ó tún mi orí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Lẹ́yìn náà ló ki igi bọ ìrẹsì.

Ìrẹsì ò dìde. Ó gbé e, ó tú ká, ó já sórí tábìlì. Ó tún gbé e, ó já sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, hóró méjì péré ló dé ẹnu. Madam sáré gbé ṣíbí wá, Baba Mori fi ọwọ́ kọ̀ ọ́. Ó wò mí.

"My pikin," ó ní, "this rice dey run from me."

Ìrẹsì ń sá fún un. Kò bínú. Ó kàn wò mí bí màmá mi ṣe máa ń wo ẹni tó bá ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń ro ọkà, tí kókó wá kún inú ẹ̀. Mo rí i pé ó ti mọ̀. Ẹni tó bá bá ará Japan gbé fún ọjọ́ kan péré, kì í ṣe ọdún méjì, kò lè gbé ìrẹsì yẹn jáde.

Mo gbé abọ́ yẹn padà sínú kíṣìnnì. Mo fẹ́ ta ìkòkò nípàá. Mo fẹ́ gba ẹ̀yìn jáde, kí n wọ kẹ̀kẹ́, kí n máa lọ.

Mama Ejiro ò wò mí. Ó na ọwọ́ sí kọ̀rọ̀, ó ṣí ìkòkò kékeré kan. Ìrẹsì kan náà ni, láti inú àpò kan náà, ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ tó sè fún oúnjẹ ọ̀sán ti ara ẹ̀. Kò da nǹkan kan nù. Kò fi òróró sí i. Ó kàn fọ̀ ọ́, ó wọn omi sí i, ó dé e, ó sì fi í sílẹ̀. Ó so mọ́ra wọn bí ẹbí, ó ń rú èéfín.

Ó bù ú sínú abọ́ mìíràn. Ó tì í sí mi. Mo da adìyẹ àti ẹyin lé e lórí, mo gbé e jáde.

Baba Mori ki igi bọ̀ ọ́. Ó wá sókè lódidi. Ó fi sẹ́nu, ó dijú. Òjò ń rọ̀, gbogbo wa ń wo àgbàlagbà kan tó ń jẹun. Ó ṣa hóró tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jẹ wọ́n. Ojú ẹ̀ pọ́n díẹ̀.

Inú Madam dùn, kò lè dákẹ́. "Oga, I talk am! My chef cook for Japan family two years for Lagos."

Baba Mori gbé abọ́ kalẹ̀. Ó bi mí jẹ́jẹ́, "Na you cook this rice?"

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. "Bẹ́ẹ̀ ni." Bí mo bá ti sọ ọ́, iṣẹ́ ti di tèmi. Mo bojú wẹ̀yìn. Mama Ejiro dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Kò ní sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa pé kò ní sọ. Ìyẹn ló já mi láyà.

"Èmi kọ́," mo ní. Yorùbá ló jáde. Mo tún un sọ bí wọ́n á ṣe gbọ́: "No be me. Na Mama. And Madam, I lie. I never see Japan person before today."

Baba Mori dìde, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó sì tẹ̀ ba fún Mama Ejiro, ó lọlẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. "Mama, thank you. E be like my mama own."

Mama Ejiro ní, "Thank you no dey belleful person. Make I add?"

Mìgwó

Madam ò lé mi. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó ní, "From today, rice na Mama own. You go wash am, she go cook am. The day Mama say you sabi, you sabi." Mama Ejiro ló ni ìkòkò. Èmi, fífọ̀ ni tèmi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó jí nínú ilé, Mama Ejiro ti wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ìrẹsì lórí àtẹ. Mo lọ síwájú ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, orúnkún méjèèjì.

"Mìgwó, Mama."

Ó ń ṣa ìrẹsì lọ. Adìyẹ kan wá, ó wò mí, ó lọ. Ọmọ kan jáde wá fọ ẹnu, ó fọ̀ ọ́ tán, ó wọlé, mo ṣì wà níbẹ̀. Orúnkún ń ta mí. Inú mi, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ó ti ń hó bọ̀. Mo gbé e mì. Ó tún hó, mo tún gbé e mì. Ó ṣa ìrẹsì yẹn dé hóró tó gbẹ̀yìn, ó gbọn àtẹ, ó wá wò mí.

"Vrẹndo," ó ní. Ó sì gbé abọ́ ìrẹsì lé mi lọ́wọ́.

Oṣù mẹ́rin ni mo fọ̀ ọ́ kó tó ní kí n gbé ìkòkò kaná fúnra mi. Ìdí tí mo fi pariwo lánàá nìyẹn. Ó yẹ kí n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo mọ̀. Màmá mi, orúnkún mi rèé nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ tó ti Mama Ejiro.